Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn àti Ètò Ọrọ̀ Ajé Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ní ìhà àríwá Èkó, láàárín Ẹgbẹ́dá àti Ìpájà, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Gowon Estate. Orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba ológun Nàìjíríà láti 1966 títí di 1975, ni a fi sọ ọ́. Ìjọba Àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká wọ ibẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. A ti fa ìlà ojú ọ̀nà kí a tó kọ́ ilé, a sì fi nọ́ńbà dá ọ̀pọ̀ òpópónà mọ̀ dípò orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Lórí ìwé ni a ti kọ́kọ́ kọ́ àdúgbò náà kí a tó da yanrìn sílẹ̀. Nítorí náà, ó jẹ́ ibi tí ó yẹ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa yìí, èyí tí ó dá lórí bí ìpínlẹ̀ kan ṣe lè dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn sílẹ̀ láti máa bá a ro ọ̀rọ̀ ajé rẹ̀ fún àwọn ọdún tí ó jìnnà.

Ní 1972 Ìjọba Àpapọ̀ pinnu láti kọ́ ilé 59,000 fún àwọn ará ìlú: 15,000 ní Èkó, àti 4,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ 11 yòókù. Nígbà tí ó ṣe, nínú Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, láti 1975 sí 1980, wọ́n gbé iye náà ga di 202,000: 50,000 ní Èkó, àti 8,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò, kò sì sí ìlérí tí ó dàbí ẹni pé ó tóbi jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò náà parí, ilé tí a kọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà iye tí a ti sọ. Gowon Estate wà lára èso àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ìdílé tí ó rí ilé gbà níbẹ̀ jẹ àǹfààní ètò. Àwọn tí kò rí gbà, tí wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tí ó rí gbà lọ fíìfíì, lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòtún, ní Ìgàndò, ní Ìdímù àti ní Ìpájà, wọ́n sì kọ́ ilé bí agbára olúkúlùkù ti mọ. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀nà ni ó ń tẹ̀lé ilé, kì í ṣe pé ilé ń tẹ̀lé ọ̀nà. Gọ́tà sì ń tẹ̀lé ọ̀nà, níbi tí ó bá wà.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ohun kan níhìn-ín. Títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò sí lábẹ́ Èkó rárá. Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, ni Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀ wà. Ìjọba náà ni ó ṣètò ọgbà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950. Ọjọ́ tí a dárúkọ yìí ni Gowon fi òfin pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, tí Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, ilẹ̀ kan náà ti wọ inú ètò ìjọba mẹ́ta: ti Ìwọ̀ Oòrùn, ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wá kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ó sì béèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé, “Mélòó ni a sọ pé a óò ṣe, mélòó ni a sì ṣe?”

Kí ni à ń pè ní ètò ọrọ̀ ajé ọlọ́jọ́ pípẹ́? Kí ó má bàa dàrú mọ́ ètò ìnáwó ọdọọdún, ẹ jẹ́ kí a lọ sí oko. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin àgbàdo nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ kí ọdún náà tó parí. Ẹni tí ó bá gbin kòkó yóò máa ro oko rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó ká èso. Ẹni tí ó bá gbin obì mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ni yóò kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ètò ìnáwó ọdọọdún ni àgbàdo ìjọba: owó oṣù òṣìṣẹ́, oògùn ilé ìwòsàn, àtúnṣe títì tí òjò bàjẹ́. Ọkọ̀ ojú irin, omi ẹ̀rọ, èbúté, yunifásítì àti ilé gbígbé ni obì rẹ̀. Àgbàdo dára, ebi kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró de obì. Ṣùgbọ́n àgbàdo nìkan ni ó ń tètè hù lójú ẹni tí yóò dìbò. Òfin Nàìjíríà fún gómìnà ní ọdún mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ó bá gbin obì ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá èso lórí igi, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó bá a du ipò ni ẹlòmíràn náà. Ènìyàn mélòó ni yóò gbin igi fún ẹni tí ń bá a jà?

Ìtàn ọkọ̀ ojú irin Èkó fi èyí hàn ju àlàyé lọ. Alhaji Lateef Jakande, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 títí di 1983, rí i pé títì Èkó kò lè gba gbogbo èrò tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò láàárín ìlú, ìjọba rẹ̀ sì bá àwọn ilé iṣẹ́ ará Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985 wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, Èkó sì tún san owó ńlá nítorí àdéhùn tí a yẹ̀. Ó di 2002 kí ìpínlẹ̀ náà tó fi òfin dá LAMATA sílẹ̀, àjọ tí ń mójú tó ọ̀ràn ìrìnnà ní Èkó. Ní 2009 a gbé iṣẹ́ ojú irin tí a fi àwọ̀ búlúù sọ lórúkọ fún ilé iṣẹ́ kan láti China. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tí ń sanwó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láàárín Marina àti Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Ẹ ka ọdún tí ó wà láàárín 1985 àti 2023. Ó jẹ́ méjìdínlógójì. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a fagi lé iṣẹ́ náà ti lè ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ọkọ̀ náà tó rìn.

A kò lè sọ pé àwọn tí ó fagi lé e kò ní àwíjàre kankan. Iye tí a ń ta epo rọ̀bì ti wálẹ̀ ní àwọn ọdún náà, gbèsè sì wà lọ́rùn Nàìjíríà. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó dúró láàárín ìjọba tí ó lọ àti èyí tí ó dé, tí òfin fún láṣẹ láti jáde sọ fún àwọn ará Èkó pé, “Iye tí a óò san bí a bá ṣe é nìyí, iye tí a óò pàdánù ní ogójì ọdún bí a kò bá ṣe é sì nìyí.” Bóyá àwọn ológun ì bá tún fagi lé e bákan náà. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìṣirò ní gbangba.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjọba. Kì í gba owó orí, kì í ṣe òfin, kì í sì í gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí, láti ṣírò, láti wo iwájú, kí ó sì sọ ohun tí ó rí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ní 1946 dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ọrọ̀ ajé ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ fún Ààrẹ. Ààrẹ ni ó ń yàn wọ́n, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì wà; ìmọ̀ràn wọn sún mọ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún wọn láti ta kò ó ní gbangba. Ní Netherlands, ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1950 ní ìdá mẹ́ta: ìdá kan fún àwọn agbanisíṣẹ́, ìdá kan fún àwọn òṣìṣẹ́, ìdá kan fún àwọn onímọ̀ tí ìjọba yàn. Àwọn tí ì bá máa bá ara wọn jà nínú ilé iṣẹ́ ni a mú jókòó sí ìdí tábìlì kan.

Ti Jámánì ni ó wù mí jù. Láti 1963 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí àwọn ará ìlú ń pè ní ọlọ́gbọ́n márùn-ún. Ọdún márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò, ẹnìkan sì ń kúrò lọ́dọọdún, nítorí náà ìgbìmọ̀ náà kò tíì di tuntun pátápátá lọ́jọ́ kan rí láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Mínísítà kò lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ti agbanisíṣẹ́ kò lè jẹ́ ẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìròyìn jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà. Ìjọba kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí i: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó gbọ́dọ̀ fèsì níwájú àwọn aṣòfin. Ẹ kíyè sí i pé òfin kò sọ pé kí ìjọba ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ wí. Ó ní kí ó dáhùn ni. Nínú ìdáhùn yẹn ni gbogbo agbára wọn wà.

Nàìjíríà náà kò ṣàìní ìgbìmọ̀. Ní 1955, lẹ́yìn tí àwọn aṣojú Báńkì Àgbáyé ti yẹ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa wò, a dá Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Orílẹ̀-Èdè kan sílẹ̀ kí Ìjọba Àpapọ̀ àti àwọn ìjọba ẹkùn lè máa jíròrò pọ̀. Ètò Ìdàgbàsókè Kìíní, ti 1962 sí 1968, gbé iye tí ìjọba yóò fi ṣiṣẹ́ ka mílíọ̀nù 676.8 pọ́n-ùn, bí ìdajì rẹ̀ ni a sì retí láti ilẹ̀ òkèèrè. Díẹ̀ ni ó dé, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Wolfgang Stolper, onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti Amẹ́ríkà tí ó wà lára àwọn tí ó ṣètò náà, kọ ìwé kan nípa iṣẹ́ yẹn ní 1966. Bí a bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀, ohun tí ó wí ni pé wọ́n ń ṣètò láìní òkodoro ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Lẹ́yìn náà, ní 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kó àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ jọ, ó fi Olóyè Ernest Shonekan ṣe olórí wọn, kí wọ́n lè sọ bí Nàìjíríà yóò ti rí ní 2010. Wọ́n parí ìwé wọn ní 1997. Abacha kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, ìwé náà sì wọ inú àpótí. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Orílẹ̀-Èdè múlẹ̀: Igbákejì Ààrẹ ni alága, àwọn gómìnà gbogbo sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gómìnà Báńkì Àpapọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìjọba ni wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gba ara wọn nímọ̀ràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ẹlẹ́ni mẹ́jọ, Ọ̀mọ̀wé Doyin Salami sì jẹ́ alága wọn. Onímọ̀ gidi ni wọ́n. Ààrẹ tí ó yàn wọ́n fi ipò sílẹ̀ ní 2023, ààrẹ tuntun sì gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ ní 2024. Ìgbìmọ̀ tí ó bá rọ̀ mọ́ ènìyàn kan yóò bá ẹni náà lọ.

Àwọn baba wa ti rí ọ̀rọ̀ yìí rò kí òyìnbó tó dé. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ní àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Oyè wọn jẹ́ ti ìdílé. Ọba kò lè lé gbogbo wọn kúrò kí ó sì fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ́pò wọn nítorí pé wọ́n sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn. Ọba ń wàjà, àwọn ìdílé náà ń wà níbẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà fi ewu kejì hàn wá. Láàárín 1754 àti 1774, Baṣọ̀run Gáà kò dúró sí ibi ìmọ̀ràn mọ́. Ó gba agbára ọba, ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń rán wọn lọ sí ọ̀run lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Olùdámọ̀ràn tí ọba lè lé bí ìgbà tí a lé eṣinṣin kò wúlò. Olùdámọ̀ràn tí ó di ọba kò dára. Láàárín méjèèjì yìí ni ẹni tí yóò kọ òfin ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbìyànjú láti kọ ọ́ fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Lójú tèmi, ẹni mẹ́sàn-án tó. Kí gómìnà dárúkọ mẹ́ta, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fọwọ́ sí wọn. Kí àwọn yunifásítì àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yan mẹ́ta. Kí mẹ́ta yòókù ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọrọ̀ ajé ń ṣẹlẹ̀ sí lójoojúmọ́ wá: àwọn ọlọ́jà, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọn yóò ní kí ni ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà Ìkòtún mọ̀ nípa ètò ọgbọ̀n ọdún? Ó mọ̀ pé ọkọ̀ tí ń kó gàrí ti ń pẹ́ lọ́nà ju ti àná lọ, ó sì mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lo ọdún mẹ́fà, kí ẹni mẹ́ta sì máa kúrò ní ọdún méjì-méjì, ẹnìkan láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe é báyìí, gómìnà tí ó lo ọdún mẹ́rin kò ní lè yàn ju ẹni méjì lọ nínú mẹ́sàn-án. Kí a fún wọn ní ọ́fíìsì, akọ̀wé àti àwọn oníṣirò, kí owó wọn sì wà nínú òfin, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ebi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Èyí tí kò ṣeé yọ kúrò ni pé kí wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde lọ́dọọdún, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gómìnà sì fèsì níwájú àwọn aṣòfin láàárín ìgbà tí a dá. Bí ẹ bá ní kí n fi gbogbo ohun tí ó kù sílẹ̀ kí n di ẹyọ kan mú, èyí ni n óò dì mú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí òkodoro ọ̀rọ̀ tí Stolper sọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà yóò bá pàdé ni kíka ènìyàn. Nínú ìkànìyàn 2006, Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé ènìyàn 9,113,605 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Ó ní nínú kíkà tirẹ̀, 17,552,942 ni. Ní Alímọ̀ṣọ́, Ìjọba Àpapọ̀ ka 1,277,714, ìpínlẹ̀ sì ka 2,047,026. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju 769,000 lọ. Ká ní a fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kan fún ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, èyíinì ni 100,000. Bí a bá tẹ̀lé ìwé kìíní, Alímọ̀ṣọ́ nílò mẹ́tàlá. Bí a bá tẹ̀lé ìwé kejì, ó nílò ogún. Níbo ni aláìsàn tí ó bá wà láàárín mẹ́tàlá àti ogún yóò lọ? A kò tíì ka ènìyàn ní Nàìjíríà láti 2006. Èyí tí a múra sílẹ̀ fún ní 2023 ni a sún síwájú. Ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan nínú méjèèjì lè jókòó, kí ó wo iye ọmọ tí ń forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, iye ilé tí iná mànàmáná dé, iye èrò inú ọkọ̀, kí ó sì sọ iye tí ó sún mọ́ òótọ́.

Ọ̀ràn kíka ènìyàn yìí kan ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi ìpinnu pẹ̀lú. Ogójì ni àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá, méjì-méjì láti inú ìjọba ìbílẹ̀ 20. Alímọ̀ṣọ́ ní méjì. Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, tí ìkànìyàn 2006 ti Ìjọba Àpapọ̀ ka 117,481 níbẹ̀, ní méjì náà. Bí a bá tẹ̀lé ìwé kan náà, ènìyàn Alímọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mọ́kànlá ti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Èmi kò sọ pé kí a gba àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Lẹ́kkí ní èbúté àti ilé iṣẹ́ ńlá tí ó yẹ kí a ro pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pín owó omi ẹ̀rọ tàbí ti títì nípa ìbò nínú ilé aṣòfin, ibi tí ènìyàn kún sí kò ní ìbò ju ibi tí ènìyàn kò pọ̀ sí lọ. Ìgbìmọ̀ kò lè yí ìyẹn padà. Ó lè fi iye ènìyàn síwájú àwọn aṣòfin kí wọ́n tó dìbò.

Ẹ wo ọ̀ràn ibi ìdalẹ̀nù ní Ìgàndò. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń da pàǹtírí síbẹ̀, a rò pé ẹ̀yìn ìlú ni. Ìlú dé bá a. Lónìí ilé, ilé ìwòsàn ìjọba àti ọ̀nà tí ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó wà ní àyíká rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ibi lójú àwọn ará Ìgàndò. Ẹni tí ó yan ibẹ̀ kò wo ọdún tí ó jìnnà tó ni. Ìlú tí ń dàgbà yóò sá bá ohunkóhun tí a bá gbé sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé ọgbọ̀n ọdún kì í pẹ́ lójú ilẹ̀.

Àtakò kan wà tí ó lágbára. Àwọn kan ní gómìnà àti aṣòfin ni a dìbò yàn. Kí ló dé tí a óò tún gbé ẹni mẹ́sàn-án tí a kò dìbò fún lé wọn lórí? Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé Gáà kò tíì kú tán nínú ọkàn ènìyàn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ náà kò ní àṣẹ lórí ẹnikẹ́ni. Gómìnà tí ó bá rí i pé ìmọ̀ràn wọn kò dára lè kọ̀ ọ́ tọkàntọkàn, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Olùdìbò yóò wá mọ ẹni tí òun óò gbà gbọ́. Àwọn mìíràn tún ní Èkó kò ṣàìní ibi ìjíròrò, pé àpérò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní Ehingbeti ti wà láti 2000. Òótọ́ ni, ó sì ti mú ọ̀rọ̀ rere jáde. Ṣùgbọ́n àpérò a máa kó ènìyàn jọ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì tú ká. Ẹni tí yóò jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí a bá ká àga kúrò ni à ń wá.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìwé ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 2022 tí yóò dé 2052. Ọ̀kan wà ṣáájú rẹ̀ tí a ṣe láti 2012 dé 2025. Èyí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti àtẹ̀yìnwá ṣì ní ọdún mẹ́ta láti lò. Ẹ ṣírò ti tuntun náà. Bí gbogbo gómìnà bá tilẹ̀ lo ọdún mẹ́jọ gbáko, bẹ̀rẹ̀ láti orí Babajide Sanwo-Olu tí ìgbà kejì rẹ̀ yóò parí ní 2027, gómìnà tí yóò di ìwé yẹn mú kò ní dín ní márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ ẹni ọdún 42 nígbà tí yóò parí.

Òfin ìgbìmọ̀ bí èyí kò nílò kí a lọ sí Abuja. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe é. Aṣòfin kan ṣoṣo lè gbé àbá náà wá. Wọn yóò kà á, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ-ẹyọ, wọn yóò tún kà á, wọn yóò sì gbé e fún gómìnà láti fọwọ́ sí. Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún dìbò fún un, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà. Ní Èkó, ìyẹn jẹ́ ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ogójì.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín “àgbàdo ìjọba” àti “obì ìjọba”? Fún wa ní àpẹẹrẹ méjì-méjì láti àdúgbò tìrẹ.

2. Kí ni ó mú kí Ọ̀yọ́ Mèsì lè sọ òtítọ́ fún Aláàfin, kí sì ni ìtàn Baṣọ̀run Gáà fi kún un?

3. Ní orí ìwé kan, kọ àròkọ tí ó fi hàn bóyá o fara mọ́ ọn tàbí o kò fara mọ́ ọn pé kí ọlọ́jà wà nínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ọrọ̀ ajé.